Orí tún ń fọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ: ṣé kókó náà ló padà ni?

Ọ̀pọ̀ aláìsàn tó ti Íńdíà tàbí ìlú Ọba padà sí Adó, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìjerò lẹ́yìn tí wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú kókó inú ọpọlọ wọn ló gbà pé ó ti parí. Wọn ò la orí, ọjọ́ kejì ni ọ̀pọ̀ sì ti ń kẹ́rù. Lars Leksell, dókítà ará Sweden, ló dá iṣẹ́ yìí lábàá ní 1951: kí ìtànṣán tín-ín-rín tó pọ̀ pàdé lójú kan, kí ibi tí wọ́n gbà kọjá má fi bẹ́ẹ̀ fara gbá. Mo ní “má fi bẹ́ẹ̀” o.

Kí ó rẹ ènìyàn, kí orí fọ́ díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn kì í bà mí lẹ́rù. Èyí tó ń kó wa lọ́kàn sókè sábà máa ń dé láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì, nígbà tí ẹran ọpọlọ tó yí kókó náà ká bá kú, tí ó sì wú. Orí á máa fọ́ láàárọ̀, apá kan á rọ, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ mọ́ni lẹ́nu, tàbí kí giri gbéni. Àwọn ará ilé á ní àìsàn ti padà, àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Bẹ́ẹ̀ fọ́tò MRI tí a fi ń wo inú ọpọlọ pàápàá kì í tètè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹran tó kú àti kókó tó ń hù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ síídì àti ìwé tí wọ́n fún yín lọ́hùn-ún nù. Ìwọ̀n ìtànṣán àti ojú ibi tí wọ́n lò ó sí wà níbẹ̀. Òun la ó fi wé fọ́tò tuntun.

Dexamethasone la sábà fi ń mú wíwú náà wálẹ̀. Àwọn kan ń rà á ní kẹ́mísì kí wọ́n lè sanra, ni wọ́n ṣe ń fojú kékeré wò ó. Ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì máa ń yọ ikùn lẹ́nu.

“Dókítà, ojú màmá wú, la bá dá oògùn náà dúró.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ijẹta.”

Màmá ò lè dìde mọ́. Ara tó ti ń lo oògùn yìí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kì í pèsè irú rẹ̀ tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ dáadáa mọ́. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń dín in kù.

Ti àwọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́ pọ̀ mọ́ra nínú ọpọlọ wọn yàtọ̀. Ó lè gba ọdún méjì sí mẹ́ta kí ìtànṣán tó dí i pa, ó sì ṣì lè ya ẹ̀jẹ̀ kó tó dí. Bí orí bá ṣàdédé fọ́ wọn bíi pé ó fẹ́ là, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ọsibítù ní wákàtí yẹn gan-an.