Ìkọ̀sílẹ̀, Ìtọ́jú Ọmọ àti Owó Oúnjẹ: Bí Ẹjọ́ Ṣe Ń Lọ ní Òṣogbo

Irú ìgbéyàwó tí tọkọtaya ṣe ló ń sọ kóòtù tí wọn yóò lọ. Ẹni tó bá ṣìnà níbí, owó tó bá ná lẹ́yìn rẹ̀, òfo ni. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni tó wá lọ́yà lọ, kó kọ́kọ́ wá ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ jáde, kó sì kà á dáadáa.

Bó bá jẹ́ rẹ́jísírì ni wọ́n ti ṣe é, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ láti so ènìyàn pọ̀, tí ìwé náà sì dárúkọ Marriage Act, ìyẹn òfin ìgbéyàwó ìjọba, ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u. Ti Òṣogbo wà ní Òkè-Fíà. Bó bá jẹ́ ìdána tàbí yìgì nìkan ni, kóòtù ìbílẹ̀ ni. Ìjọba ìbílẹ̀ máa ń fún àwọn tó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ náà ní ìwé, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ tó wà lára rẹ̀ kò sọ ọ́ di ti Marriage Act. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Àwọn tó ṣe ìdána tí wọ́n tún lọ sí rẹ́jísírì gbọ́dọ̀ gba ilé ẹjọ́ gíga lọ. Nínú wọn, ẹni tó gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, tó wá lọ fẹ́ ẹlòmíràn, ti fẹ́ ènìyàn lé ìgbéyàwó tí kò tíì tú, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sì wà nínú òfin fún ẹ̀sùn náà.

Ní kóòtù ìbílẹ̀, ènìyàn lè lọ fúnra rẹ̀ láìgba lọ́yà. Akọ̀wé kóòtù yóò kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, bélíìfù, òṣìṣẹ́ kóòtù, yóò sì mú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ fún ẹnìkejì. Ìgbà yìí ni ẹjọ́ máa ń fà jù, torí pé “ẹ̀yìn Ọjà Ọba” kì í ṣe àdírẹ́sì. Ẹ kọ orúkọ agbo ilé, àwọ̀ géètì, ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi iṣẹ́ àti nọ́ńbà fóònù. Bí bélíìfù bá lọ títí tí kò rí i, ẹ ní kí kóòtù fàyè gbà á láti lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn.

Ilé ẹjọ́ gíga le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún 2, kóòtù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí ẹjọ́ tó wọlé, àfi fún ẹ̀sùn díẹ̀ bí àgbèrè. “Ìfẹ́ ti tán” nìkan kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe: bíi pé ẹnìkan ti fi ilé sílẹ̀ fún ó kéré tán ọdún 1, tàbí pé ẹ ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2 tí ẹnìkejì kò sì takò ó. Bó bá takò ó, ọdún 3 ni. Ìdájọ́ àkọ́kọ́, tí àwọn lọ́yà ń pè ní decree nisi, kò tíì tú ìgbéyàwó. Oṣù 3 gbọ́dọ̀ kọjá, ètò ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 sì gbọ́dọ̀ tẹ́ adájọ́ lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tún fẹ́ ẹlòmíràn láàárín àkókò yìí.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló yẹ kó gba àkókò jù. Ohun tó máa ṣe ọmọ láǹfààní ni adájọ́ ń wò: ta ló ń gbé e lọ sílé ìwé, ta ló ń tọ́jú rẹ̀ bó bá ń ṣàìsàn, ibo ló ń sùn. “Kí bàbá máa rí àwọn ọmọ” kò tó láti kọ sínú àdéhùn, torí ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: bàbá yóò wá mú wọn ní aago 10 òwúrọ̀ Sátidé kejì àti ìkẹrin oṣù, ní ilé ìyá ìyá wọn, yóò sì dá wọn padà ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Ẹ kọ ti ọlidé, ti Iléyá àti ti Kérésìmesì náà. Bí owó oúnjẹ bá pẹ́, kì í ṣe ìdí láti fi ọmọ pamọ́ fún bàbá. Bí bàbá kò sì rí ọmọ, kì í ṣe ìdí láti dá owó dúró. Ọ̀tọ̀ ni àṣẹ méjèèjì, ọmọ ló sì ń jìyà bí a bá lò wọ́n bí ohun ìjà.

Owó náà, ẹ̀rí ló ń gbé e dúró. Ẹ kó rìsíìtì owó ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ilé gbígbé àti àkọsílẹ̀ oúnjẹ oṣù kan wá. Bí ẹnìkejì bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ìwé owó oṣù rẹ̀. Bó bá jẹ́ oníṣòwò, ìwé báńkì rẹ̀ àti iye tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń pa. Ní ilé ẹjọ́ gíga, ẹ lè béèrè owó ìtọ́jú kí ìdájọ́ tó dé. Ẹ jẹ́ kí owó gba báńkì, kó má jẹ́ ọwọ́ sí ọwọ́.

Ẹni tí kò lágbára lọ́yà lè lọ sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá àwọn aláìní rojọ́, tó máa ń wò bóyá owó tó ń wọlé fún ènìyàn kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, náà máa ń gba ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọ. Bí lílù bá wà nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn àti ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Bí nǹkan bá yí padà, bíi kí iṣẹ́ bọ́ tàbí kí ọmọ wọ ilé ìwé gíga, kóòtù tó dá ẹjọ́ náà ni kẹ́ ẹ padà sí kó tún àṣẹ náà ṣe. Àdéhùn ẹnu kò lè yí àṣẹ kóòtù.