Ikùn Òṣìṣẹ́, Àpò Ọ̀gá

Oṣù Kejìlá kì í jẹ́ kí n sinmi. Ìgbà yẹn ni àwọn iléeṣẹ́ máa ń tún àdéhùn ìlera òṣìṣẹ́ wọn ṣe, tí àwọn ọ̀gá á sì máa pè mí níkọ̀ọ̀kan, ohùn wọn á dà bíi ti ẹni tí wọ́n já lápò gbà lójú ọjà: "Dókítà, kí ló dé tí owó yìí tún fi fò sókè? Ṣé àwa nìkan là ń ṣàìsàn l'Abuja ni?"

Èyí tó pè mí kẹ́yìn, mo lọ bá a lọ́fíìsì rẹ̀ ní Wuse 2. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, kò fọ̀rọ̀ bò mí rárá. Ó ní àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ló ń jẹ owó náà tán, lónìí ibà, lọ́la ikọ́, pé ṣé a ò lè yọ ọmọ méjì kúrò nínú mẹ́rin tí a kọ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ṣí bíìlì ọdún náà síwájú rẹ̀. Owó ibà gbogbo ọmọ wọ̀nyẹn pátá kò tó owó iṣẹ́ abẹ orúnkún kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ló ń náwó, àwọn kan náà láti oṣù dé oṣù: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, orúnkún, òkúta inú òróòro, ìsanrajù ló sì sábà ń wà nídìí wọn. Ibi tí mo ti ń fi ìka tọ́ka sí i ni akọ̀wé rẹ̀ ti wọlé, ó gbé mítípáì méjì méjì pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò síwájú wa. Gbogbo ìpàdé ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì ń ṣèpàdé lọ́sẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka bíìlì. Bí ilé ìwòsàn bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò olówó ńlá tàbí iṣẹ́ abẹ fún òṣìṣẹ́ yín, ọ̀dọ̀ wa ní HMO, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìdójútòfò ìlera, ni wọ́n ti ń gba kóòdù, ìyẹn àṣẹ pé a máa sanwó rẹ̀. Bí kò bá sí kóòdù, aláìsàn á sanwó lápò ara rẹ̀ tàbí kó padà sílé. Ọdún kẹtàdínlógún mi rèé lẹ́nu ẹ̀. Ẹ gbé bíìlì iléeṣẹ́ kan fún mi láìsí orúkọ lórí ẹ̀, màá sọ irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ fún yín.

Bí owó ọdún tuntun ṣe ń gòkè kò le. Iléeṣẹ́ san mílíọ̀nù 20 náírà, ilé ìwòsàn kọ bíìlì mílíọ̀nù 18: HMO wo ló máa gba mílíọ̀nù 20 lọ́dún tó ń bọ̀? Ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Lábẹ́ NHIA, àjọ ìdójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, owó oṣooṣù kan ni ilé ìwòsàn kékeré ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, yálà ó ṣàìsàn tàbí kò ṣe. 750 náírà ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 1,450 ní 2025. Ẹ fi owó yẹn tọ́jú ẹni tó ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru pa pọ̀, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi ìdí tí wọ́n fi máa ń ní "oògùn ti tán." Òfin 2022 sì ti sọ ìdójútòfò ìlera di dandan, kò sí ibi tí ọ̀gá kan lè sá sí.

Mi ò ní jókòó máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣírò BMI, ìyẹn bí èèyàn ṣe wúwo sí bó ṣe ga tó. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo yín. Tó bá ti dé 30, ìsanrajù ni. Èyí tó yá jù ni téèpù aránṣọ. Ẹ fi wọn ikùn yín yípo: 94 sẹ̀ńtímítà fún ọkùnrin, 80 fún obìnrin. Ẹni tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ti ń ya owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rẹ̀, kò kàn tíì mọ̀ ni.

Mo mọ ohun tó ń fà á náà. Ẹni tó ń gbé Mararaba ti jáde nílé ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí kí gosíló Nyanya tó dí, ó jókòó nínú ọkọ̀, ó jókòó nídìí tábìlì, ó tún jókòó nínú ọkọ̀, ó délé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó jẹ ẹ̀bà, ó sùn. Tó bá sì gbìyànjú láti dín sísanra kù, àwọn ará ilé á máa bi í pé ta ló bú u, ṣé kì í ṣe àìsàn yẹn ló kó. Lójú tiwa, ikùn ni ẹ̀rí pé Abuja gbè é.

Ìdí àtọ̀gbẹ ni bíìlì ti ń di ńlá, torí ó ń bá kíndìnrín jà. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìgbà 156 lọ́dún. Ní 50,000 náírà lẹ́ẹ̀kan, mílíọ̀nù 7.8 ni. Ìjọba àpapọ̀ kéde lóṣù Kẹjọ 2025 pé àwọn ilé ìwòsàn ìjọba kan yóò máa gba 12,000. Ó dára, a dúpẹ́. Ó ṣì ń lọ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì, fún ẹnì kan, lọ́dún kan. Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002 sì fi hàn pé àwọn tó ti ń sún mọ́ àtọ̀gbẹ, tí wọ́n dín jíjẹ kù, tí wọ́n sì ń rìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, dín ewu rẹ̀ kù ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Oògùn àtọ̀gbẹ tó ń jẹ́ metformin nìkan, 31 ló dín in kù. Ìrìn ò ní kóòdù, kò sí ẹni tó ń kọ bíìlì rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé àwọn òyìnbó ti rí abẹ́rẹ́ tó ń dín sísanra kù. Mo mọ̀ nípa Wegovy. Ní Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń gba ìdójútòfò lọ́wọ́ iléeṣẹ́, àjọ CDC tó ń gbógun ti àrùn níbẹ̀ ní owó ìtọ́jú ìsanrajù ń lọ sí bílíọ̀nù 173 dọ́là lọ́dún. Síbẹ̀, ètò ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ North Carolina dáwọ́ sísan owó abẹ́rẹ́ náà fún ìsanrajù dúró ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 2024, torí owó rẹ̀ ń gbé wọn mì. Ṣé ìwọ ọ̀gá tó ń bá mi jà lórí owó ibà ọmọdé ni yóò san án?

Àwọn ọ̀gá kan tiẹ̀ wà tí tiwọn kọjá mítípáì. Ọ̀kan ra páálí páálí tíì tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì ní Berger, èyí tó ń "yọ́ ikùn lọ́jọ́ méje," ó pín in fún òṣìṣẹ́, ó wá ní kí n fi í sínú àdéhùn. Ewé tó ń mú èèyàn ṣu ni wọ́n sábà ń kó sínú irú tíì bẹ́ẹ̀. Omi lẹ̀ ń yà, kì í ṣe ọ̀rá. Pọ̀tásíọ̀mù tí ọkàn fi ń lù déédéé ń bá a lọ. Ẹni tó ń tà á ò ka ìwé kankan. Èmi kà á, ẹ ò sì gbọ́ tèmi.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù lọ ni híhanrun. Ẹ máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀rá kì í dúró síkùn nìkan, ó ń wọ ọrùn, ó ń wọ ìdí ahọ́n. Lọ́sàn-án, iṣan ló ń gbé ọ̀nà ọ̀fun dúró. Tí oorun bá dé, iṣan á dẹ̀, ahọ́n á fà sẹ́yìn, ọ̀nà á sì di tóóró. Afẹ́fẹ́ tó ń fipá gba ibẹ̀ kọjá lẹ̀ ń gbọ́. Ìyẹn ṣì kéré. Ìgbà tí ariwo bá dákẹ́ lójijì ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù: ọ̀nà ti dí pátá, àyà ń lọ sókè sódò, nǹkan kan ò wọlé. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, àwa oníṣègùn kà á sí ìdádúró èémí kan. Ọpọlọ á ta gìrì, ẹni náà á fọn, á mí, á tún sùn lọ, kò ní rántí lówúrọ̀. Márùn-ún ní wákàtí kan ti di àìsàn. Ọgbọ̀n lọ sókè, ó ti le. Ọgbọ̀n fún wákàtí mẹ́fà, ìgbà 180 ni wọ́n fún un lọ́rùn kílẹ̀ tó mọ́. Gbogbo ìgbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ń ru. Bí aláìsàn bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta tí kò wálẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni pé, "Ta ló ń sùn tì yín?" Ẹ wo kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin iléeṣẹ́ yín náà. Ẹni tó bá ń wọ 17 íǹṣì sókè, tó ń tòògbé nípàdé, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Wọ́n á ní ogun òru ni. Wọ́n á fi òróró àdúrà sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n á mu omi hàntú. Ẹ mu ún tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ dùbúlẹ̀ ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ sì lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, dókítà etí, imú àti ọ̀fun kan kọ̀wé sí wa pé òun fẹ́ ṣe àyẹ̀wò oorun fún dírẹ́bà iléeṣẹ́ kan. Ọmọ Ìkirè ni, ó sanra dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ gan-an ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Mo wo àdéhùn wọn. Àyẹ̀wò oorun ò sí níbẹ̀. Mo kọ "kò sí nínú ètò," mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ń bọ̀ láti Lókòjà, ó ti kọjá Abaji, aago mẹ́ta ọ̀sán, òjò ò rọ̀, táyà ò bẹ́. Ó wọ ìdí tírélà tó dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Itan rẹ̀ kán, ìbàdí rẹ̀ fọ́. Akáǹtì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pàdánù ojú kan. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní ayé ló ṣe é, pé àwọn ará ilé rẹ̀ ò fẹ́ kó kọ́lé. Kóòdù mọ́kànlá ni mo fọwọ́ sí lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, gbogbo wọn ló wà nínú ètò.

Mo lọ wò ó ní wọ́ọ̀dù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ń sùn, wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́, ìyàwó rẹ̀ ń fi páálí fẹ́ ẹ. Ó ń hanrun débi pé ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ti fi ìrọ̀rí bo etí. Lójijì ó dákẹ́. Mo gbójú sí aago ọwọ́ mi. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Dókítà, ẹ má dá a lóhùn, bó ṣe ń ṣe nìyẹn, ó ti mọ́ wa lára." Mo ka 22 kó tó fọn.