Bọ́ọ̀lù irin olówúwo ní òkè ilé gogoro: kí ló ń ṣe níbẹ̀?

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé wọ́n so bọ́ọ̀lù irin kan tó wúwo tó 660 tọ́ọ̀nù kọ́ sí òkè ilé Taipei 101 ní Taiwan, kí ilé náà má baà máa mì. Ṣé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lókè kò ní wó ilé lulẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú un kúrò lọ́kàn pé ilé àwòṣífìlà kò gbọdọ̀ mì. Dandan ni kó mì. Èyí tó bá le gbagidi níwájú ìjì ni yóò sán. Ohun tí àwọn ẹnjiníà ń wá ni kí mímì náà má pọ̀ jù, kó sì tètè rọlẹ̀.

Ẹ wo ọmọ tó wà lórí jangilọ́fà. Tí ẹ bá ń tì í ní gbogbo ìgbà tó bá ń lọ síwájú, ìka kan ti tó láti gbé e dé òkè réré. Ṣùgbọ́n ẹ tì í nígbà tó ń bọ̀ wá bá yín, kò ní pẹ́ tí yóò fi rọlẹ̀. Ilé gogoro náà ní àsìkò tó fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Ti Taipei 101 tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 7. Wọ́n wọn okùn irin tí bọ́ọ̀lù náà fi rọ̀ kí òun náà lè máa fì ní ìwọ̀n àsìkò yẹn gan-an. Ó kàn máa ń kẹ́yìn ilé díẹ̀ ni. Nígbà tí ilé bá ń lọ sí ọ̀tún, bọ́ọ̀lù á máa fà á sí òsì. Òun ni ọwọ́ tó ń ti jangilọ́fà lódì.

Ìbéèrè: Níbo wá ni agbára ìjì náà ń gbà lọ?

Ìdáhùn: Inú epo. Apá yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi òun ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀rọ mẹ́jọ tó dà bíi ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ ló di bọ́ọ̀lù náà mú. Bó ṣe ń fì, ó ń ti epo gba ojú ihò tóóró kọjá, epo á sì gbóná. Ìjì ti di ooru nìyẹn. Láìsí ṣọ́ọ̀kì, bọ́ọ̀lù kàn máa gba mímì náà fún ìgbà díẹ̀ ni, á tún dá a padà fún ilé.

Awo irin 41 ni wọ́n tò léra wọn tó fi di bọ́ọ̀lù. Láti àjà 92 ló ti rọ̀ wá sí àjà 87, àwọn àlejò sì lè dúró wò ó. Nígbà tí ìjì Soudelor jà ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, ó fì tó mítà kan.

Ìbéèrè: Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ fún ìmìtìtì ilẹ̀ náà?

Ìdáhùn: Díẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é jù. Ìmìtìtì ilẹ̀ máa ń dé lójijì, bọ́ọ̀lù sì nílò kó fì bíi mélòó kan kó tó wọ iṣẹ́. Àwọn òpó ńláńlá tó gbé ilé dúró ló ń kojú ìyẹn. Fún àwọn ilé tí kò ga púpọ̀, wọ́n lè tẹ́ rọ́bà tó nípọn, tó ní òjé láàárín, sí abẹ́ òpó, kí ilẹ̀ máa lọ kó máa bọ̀ lábẹ́ ilé.

Ọ̀rọ̀ jangilọ́fà náà ló tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ wáyé ní Mexico City ní ọdún 1985. Ilẹ̀ rírọ̀ tó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún àtijọ́ ń mì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2 fún lílọ àti bíbọ̀ kan, èyí sì bá àsìkò àwọn ilé alájà 6 sí 15 mu. Àwọn ló wó jù. Torre Latinoamericana, alájà 44, dúró.

Ìbéèrè: Ilé tí kò ní bọ́ọ̀lù ńkọ́?

Ìdáhùn: Burj Khalifa ní Dubai ga ní mítà 828, kò sì ní in. Ara ilé náà ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún: bó ṣe ń ga ló ń tín-ín-rín, tó sì ń yí ìrísí padà, tí afẹ́fẹ́ tó ń lọ́ yí i ká kò fi lè máa tì í pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà látòkè délẹ̀.