Bébà Díẹ̀, Àlàfo Púpọ̀: Bí Iṣẹ́ Ọnà Bébà Onípele Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Iṣẹ́ ọnà onípele ni èyí tí wọ́n ń gé ọnà sára bébà púpọ̀, tí wọ́n sì ń tò wọ́n sẹ́yìn ara wọn. Ẹ kó bébà méjìlá tí wọ́n fi ṣe irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ kan jọ, kí ẹ tò wọ́n lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Bí ìnípọn ẹyọ kan bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin mílímítà, gbogbo rẹ̀ kò ju mílímítà 3 lọ. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà bá wọnú férémù, tí mílímítà 5 wà láàárín ìpele kan sí èkejì, á jìn tó mílímítà 58. Àlàfo mọ́kànlá ló wà láàárín bébà méjìlá. Mílímítà 55 nínú rẹ̀ jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán. Ọ̀pọ̀ àlàyé nípa iṣẹ́ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀bẹ mímú àti sùúrù oníṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àlàfo ni ọjà gan-an. Bébà wà níbẹ̀ kó lè di àlàfo mú.

Iṣẹ́ náà ń bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kan bébà rárá. Oníṣẹ́ á ya àwòrán náà lódindi, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín in: kí ni yóò wà níwájú, kí ni yóò sún sẹ́yìn, kí ni yóò wà lẹ́yìn pátápátá. Ojúṣe méjì tó ń bá ara wọn jà ni ìpele kọ̀ọ̀kan ní. Ó gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ hàn, ó sì gbọ́dọ̀ yẹra kí ojú lè rí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ihò iwájú bá kéré jù, làálàá ẹ̀yìn di asán, nítorí kò sẹ́ni tó máa rí i. Bí ó bá tóbi jù, bébà iwájú á rọ, á sì máa wọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ihò fi sábà máa ń fẹ̀ níwájú, tó ń kéré sí i bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, títí dé bébà ìkẹyìn tí kò ní ihò kankan. Ẹni tó bá gbọ́n á kọ́kọ́ fi bébà olówó pọ́ọ́kú gé àpẹẹrẹ rẹ̀ ní kékeré, á gbé e sí ìmọ́lẹ̀, á sì wò ó dáadáa kó tó ná owó sórí bébà gidi.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ní ìlú Augsburg ní Jámánì, Martin Engelbrecht ń tẹ àwòrán sórí bébà, wọ́n ń fi ọwọ́ kun ún ní ọ̀dà, wọ́n ń gé àárín rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ń tò ó tẹ̀léra sínú àpótí kékeré. Ẹni tó bá yọjú wo àpótí náà láti iwájú á rí ọgbà tàbí gbọ̀ngàn tó jìn lọ bíi pé ènìyàn lè rìn wọ inú rẹ̀. Ní agbègbè Łowicz ní Poland, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà: bébà aláwọ̀ orísirísi ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí ara wọn ní tààrà, kékeré lórí ńlá, àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń rẹ́ irun àgùntàn sì ni wọ́n ń lò látijọ́. Nínú ti Łowicz, àwọ̀ ni ìpele ń pèsè, kò pèsè jíjìn. Àwọn oníṣẹ́ òde òní tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn níhìn-ín sún mọ́ Engelbrecht ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin kan wà tí kò sí oníṣẹ́ tó lè sá fún. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń gé ọnà sára páànù tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ sórí àdìrẹ l'Abẹ́òkúta ti mọ̀ ọ́n: ohun tí kò bá so mọ́ nǹkan á já bọ́. Bí ẹ bá gé òbìrí, tí ẹ sì fẹ́ kí òbìrí kékeré mìíràn dúró sáàárín rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ tó máa so ó mọ́ etí. Lára páànù àdìrẹ, okùn yẹn ló máa ń hàn bí ìlà tó pín ọnà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì ti sọ ọ́ di ara ẹwà rẹ̀. Ẹni tó ń gé bébà ẹyọ kan ṣoṣo wà lábẹ́ òfin kan náà. Onípele ní tirẹ̀ ní ibi tó lè yẹ̀ sí: ó lè mú òbìrí kékeré yẹn kúrò nínú ìpele kẹta, kó gbé e lọ sí ìpele kẹrin, níbi tí nǹkan mìíràn ti lè gbà á dúró. Láti iwájú, ojú á rí òbìrí tó léfòó láìsí okùn kankan. Lójú tèmi, ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ yìí pọ̀ sí jù lọ nìyí, kò sì hàn sí ẹni tó bá ń wò ó lára ògiri.

Bébà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ń mú lórí àtẹ. Bébà tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì sábà máa ń jẹ́ gíráàmù 80 fún mítà onígun mẹ́rin kan. Ó fẹ́lẹ́ jù fún iṣẹ́ tó ní ihò púpọ̀. Èyí tó wúwo tó ìlọ́po méjì rẹ̀ máa ń dúró gírígírí. Bí ó bá tún wúwo jù bẹ́ẹ̀, ọwọ́ á tètè rẹ̀, etí ibi tí wọ́n gé á sì máa hu irun. Bébà tí wọ́n fi òwú ṣe máa ń pẹ́ ju èyí tí wọ́n fi igi gbẹ̀rẹ̀fu ṣe, nítorí nǹkan kan wà nínú igi tí ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ di pupa rúsúrúsú, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe ìwé ìròyìn tó bá sùn síta.

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í mọ̀ ni pé bébà tí ẹ̀rọ ṣe ní ìhà tó dojú kọ. Bí ẹ̀rọ ṣe ń fa omi bébà lọ, púpọ̀ nínú àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ máa ń na ara wọn sí apá kan náà. Bí ọ̀rinrin bá dé, fọ́nrán kì í gùn tó bó ṣe ń sanra, nítorí náà bébà máa ń fẹ̀ sí ìhà kan ju èkejì lọ. Nínú bébà ẹyọ kan, èyí kì í dà bí nǹkan. Nínú ìpele méjìlá tí mẹ́fà dojú kọ òkè, tí mẹ́fà sì dojú kọ ẹ̀gbẹ́, iṣẹ́ tó bára mu ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ á yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ bí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Gbogbo bébà gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀nà kan.

Ní ti ọ̀bẹ, abẹ tí àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní nọ́ḿbà 11, ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn, nítorí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Wọ́n ń mú un dání bí ìgbà tí ènìyàn bá mú bírò. Bí ìlà bá fẹ́ yí, bébà ni wọ́n ń yí, ọwọ́ á dúró sójú kan. Abẹ tó bá ti kú kì í gé mọ́, ńṣe ló ń fa bébà ya, nítorí náà wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́. Ètò gígé tún wà: àwọn ihò kékeré inú ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé, lẹ́yìn náà àwọn ńlá, etí ìta ló sì kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé bébà ń pàdánù agbára bí ihò ṣe ń pọ̀ lára rẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gé ihò ńlá, ibi tí ẹ fẹ́ gé kékeré sí á máa gbọ̀n lábẹ́ ọ̀bẹ.

Bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá já ńkọ́? Wọ́n lè lẹ bébà bíńtín mọ́ ọn lẹ́yìn. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, ìpele yẹn nìkan ni wọ́n máa gé tuntun. Ìtùnú kan nìyẹn tí agbẹ́gilére kò ní.

Noriko Ambe, ará Japan tí wọ́n bí ní ọdún 1967, kò tiẹ̀ fẹ́ kí ohunkóhun ṣeé tún ṣe. Láti ọdún 1999 ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó pè ní Linear-Actions Cutting Project. Bébà kan tó ń jẹ́ Yupo, tí wọ́n fi ike ṣe, ló ń lò. Á gé ihò sínú ẹyọ kan láìlo rúlà, láìya ìlà tẹ́lẹ̀. Á gbé èkejì lé e, á gé ihò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti àkọ́kọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọ̀kan náà. Á tún gbé ẹ̀kẹta. Bó ṣe ń tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún bébà, ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín ọwọ́ àná àti ọwọ́ òní á kó ara wọn jọ di àfonífojì àti bèbè òkè. Kò sí àlàfo láàárín bébà tirẹ̀, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn ni. Ihò ńlá àárín ni àlàfo. Ó ti tò irú wọn sínú dúrọ́ọ̀ irin tí àwọn ọ́fíìsì fi ń tọ́jú máàpù. Ohun tí oníṣẹ́ mìíràn á pè ní àṣìṣe ọwọ́ ni Ambe fi ń mọ òkè.

Rogan Brown, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé fún ọ̀pọ̀ ọdún, gba ọ̀nà mìíràn. Funfun ni bébà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, àwọn ohun tí ojú lásán kò lè rí ló sì ń gé: sẹ́ẹ̀lì, bakitéríà, kòkòrò àrùn. Iṣẹ́ rẹ̀ Cut Microbe, tó fi bakitéríà salmonella àti E. coli ṣe àwòkọ́ṣe, gùn ju mítà kan lọ. Outbreak, tó ṣe ní ọdún 2014, gba oṣù mẹ́rin láti ṣètò, láti gé, àti láti tò pọ̀. Ó ń fi abẹ gé, ó sì ń lo ẹ̀rọ léésà, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gé nǹkan, pẹ̀lú. Láàárín ìpele, ó ń fi páálí fóòmù sí ibi tí ojú kò lè dé, kí bébà lè dà bí èyí tó léfòó.

Páálí fóòmù yìí ló ń pinnu bí òjìji á ṣe rí. Nínú iṣẹ́ funfun, kò sí ọ̀dà, kò sí ìlà pẹ́ńsù. Òjìji nìkan ló ń ya àwòrán. Bí ìpele méjì bá sún mọ́ra, òjìji èyí tó wà níwájú á mú ṣáṣá lórí èyí tó wà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá jìnnà, etí òjìji á rọ̀, á sì fẹ̀. Bí a ṣe ń wọlé sí i, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ ń dín kù, nítorí náà funfun kan náà á di eérú díẹ̀díẹ̀. Oníṣẹ́ tó mọ èyí lè lo àlàfo mílímítà 3 ní apá kan àti 10 ní apá kejì nínú iṣẹ́ kan náà. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fi ìrọ̀rí fóòmù náà sínú, kó jìnnà sí etí ihò, nítorí bí ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bá rí i pẹ́nrẹ́n, idán ti bàjẹ́.

Títò pọ̀ ni ibi tí ẹ̀rù ti ń ba àwọn tó mọ iṣẹ́. Wọ́n á lu ihò méjì sí igun kan náà lára gbogbo bébà, wọ́n á fi píìnì kọ́ ọ kí ìpele má bàa yẹ̀, wọ́n á sì yọ ọ́ tàbí kí wọ́n fi férémù bò ó níkẹyìn. Gọ́ọ̀mù olómi máa ń mú kí bébà ká, nítorí náà ẹ̀kán bíńtín ni wọ́n ń tò sí i.

Eric Standley, olùkọ́ ní Yunifásítì Virginia Tech ní Amẹ́ríkà, ti fi ẹ̀rọ léésà gbé ìpele kọjá ibi tí ọwọ́ lè dé. Iṣẹ́ rẹ̀ jọ fèrèsé gíláàsì aláràbarà inú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Gothic, ó sì tún fa ọnà onígun àwọn mọ́ṣáláṣí mọ́ra. Bébà aláwọ̀ tó ju ọgọ́rùn-ún lọ lè wà nínú ẹyọ kan. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń ya ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á sì fi ooru gé e. Ìmọ́lẹ̀ léésà ń jó fọ́nrán bébà di èéfín lójú ẹsẹ̀, ọ̀nà tó sì ń là lè fẹ̀ tó ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà. Ìlà orí kọ̀ǹpútà kò ní ìbú, ti ẹ̀rọ ní. Okùn tí wọ́n yà ní ìdajì mílímítà, tí léésà bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì, á ku nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá fi èyí kún ìṣirò rẹ̀ á gbé bébà jáde nínú ẹ̀rọ, ọnà á sì ṣubú sílẹ̀. Etí tó jóná máa ń ní àwọ̀ iṣu sísun díẹ̀. Lára bébà aláwọ̀ kò hàn tó bẹ́ẹ̀, lára funfun ó ń dun ojú.

Àwọn kan máa ń sọ pé léésà ti pa iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò wọlé. Ẹ̀rọ kò mọ èwo ló yẹ kó wà ní ìpele kẹrìnlélógójì, èwo ló yẹ kó sún sẹ́yìn. Ìpinnu yẹn ló ń jẹ àkókò Standley jù. Ohun tí léésà yí padà ní tòótọ́ ni owó. Ohun tí wọ́n fi abẹ gé jẹ́ ẹyọ kan, oṣù mẹ́rin sì ni oṣù mẹ́rin, ẹni kan ṣoṣo ló máa rà á. Èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà ṣeé gé ní ẹ̀dà mẹ́wàá, kí oníṣẹ́ fi nọ́ḿbà sí wọn, kí ó sì tà wọ́n ní iye tí ẹni tí kì í ṣe olówó ńlá lè san. Ọ̀nà méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń pa pọ̀ kí wọ́n tó lè jẹun nínú iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá kúrò lọ́wọ́ oníṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ di ọ̀tá. Ilé àwòrán sábà máa ń fi ìmọ́lẹ̀ bébà mọ sí nǹkan bí lux 50 (lux ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀), wọ́n sì ń lo gíláàsì tó ń dí ìtànṣán tó ń ba àwọ̀ jẹ́. Fún iṣẹ́ onípele, wọ́n tún ní láti ronú nípa ibi tí iná á ti wá: iná kan láti òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló dára, nítorí iná méjì tó dojú kọ ara wọn á pa òjìji ara wọn, iṣẹ́ á sì padà di pẹlẹbẹ. Bébà òwú tí wọ́n tọ́jú bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ ju ẹni tó gé e lọ. Fóòmù àárín rẹ̀ ni kò dájú, nítorí ó máa ń gbó, gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì lè ṣí. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fi páálí òwú tí kò ní ásíìdì rọ́pò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wúwo jù, ó sì ṣòroó gé.