Ẹ Wo Eruku Kí Ẹ Tó Ní Sítúdíò Ni Wọ́n Ti Ya Òṣùpá

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kó fíìmù sínú fláàṣì àti fóònù fún àwọn èèyàn, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá South Gate FUTA, l'Ákùrẹ́ níbí. Ẹni tó bá ní kí n fún òun ní fíìmù àtijọ́ tó dá lórí òfurufú, mo ti mọ àwọn tí n ó nà sí i: èyí tí Georges Méliès ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1902, tí kò gùn rárá, Frau im Mond ti Jámánì, 1929, Solaris ti Rọ́ṣíà, 1972. Ṣùgbọ́n olórí gbogbo wọn lójú tèmi ni 2001: A Space Odyssey tí Stanley Kubrick darí, tó jáde ní oṣù kẹrin 1968. Bí mo bá sì ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ pé, "Ṣé kì í ṣe ọkùnrin yẹn náà ni Amẹ́ríkà bẹ̀ lọ́wẹ̀ pé kó bá àwọn ya ìrìnàjò òṣùpá ní sítúdíò?"

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi gan-an.

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí tó hàn gbangba. Ìgbà mẹ́fà ni Amẹ́ríkà fi àwọn ọkọ̀ Apollo gbé èèyàn gúnlẹ̀ sórí òṣùpá láàárín 1969 sí 1972, èèyàn 12 ló fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, òkúta àti erùpẹ̀ tí wọ́n kó bọ̀ tó kílò 382. Dígí tí wọ́n gbé kalẹ̀ síbẹ̀ ṣì ń dá iná lésà padà fún àwọn onímọ̀ títí dòní. Rọ́ṣíà tó ń bá wọn du ipò nígbà náà ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì, kò sì jiyàn. Ẹni tí gbogbo èyí ò bá tó fún, iṣẹ́ fíìmù ló gba ọkàn rẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ fíìmù náà la ó jọ sọ.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, tí wọ́n máa ń wá gba fíìmù lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n yìí kì í sọ̀rọ̀ lásán. Wọ́n ní, ṣebí aṣálẹ̀ Áfíríkà tó wà níbẹ̀rẹ̀ fíìmù Kubrick yẹn, inú sítúdíò ni wọ́n ti yà á? Òótọ́ ni. Fọ́tò ni wọ́n lọ yà ní Nàmíbíà, wọ́n wá tàn án sára aṣọ ńlá lẹ́yìn àwọn òṣèré ní Borehamwood, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n tún ní àwọn méjì tó ti bá NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ rí wà lára àwọn tó bá a ṣe fíìmù náà. Òótọ́ nìyẹn náà: Frederick Ordway àti Harry Lange ni. "Ẹni tó gbé Áfíríkà wọnú ilé lọ́dọ̀ òyìnbó, kí ló máa dí i lọ́wọ́ tí kò fi ní gbé òṣùpá wọlé?"

Eruku ni.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n jọ̀ọ́ bá mi jáde síta. Ọyẹ́ ti mú, ọ̀nà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ò sì ní ọ̀dà. Ọ̀kadà kan kọjá, ó gbé eruku pupa dìde, àwa méjèèjì fọwọ́ bomú. Ọ̀kadà ti yà sí kọ́nà tán, eruku rẹ̀ ṣì dúró sójú afẹ́fẹ́, ó ń yí, ó ń fẹ̀, ó ń rọra wọlé bọ̀ wá sórí gíláàsì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá wà, eruku tó kúnná gbọ́dọ̀ rú bí èéfín.

A padà wọlé, mo ṣí fíìmù Apollo 16, ti oṣù kẹrin 1972. John Young ń wa ọkọ̀ kékeré orí òṣùpá, Charles Duke ń yà á. Táyà ń họ ilẹ̀, eruku ń fò sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ̀ bí ọrun, ó sì balẹ̀. Ó tán. Kò sí ohun tó ṣẹ́kù lókè, bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n fúnra wọn bá ń fi ṣọ́bìrì ju yanrìn tútù.

Ẹ̀gbọ́n ní wọ́n lè dẹ eré fíìmù náà. Bí wọ́n bá dẹ eré èéfín, èéfín tó ń rọra lọ la ó rí, èéfín náà ni síbẹ̀. Wọ́n ní ṣé wọn ò lè fa afẹ́fẹ́ inú gbọ̀ngàn jáde ni? Wọ́n lè ṣe é. NASA ní irú iyàrá bẹ́ẹ̀ ní Houston nígbà náà. Àmọ́ fífẹ̀ rẹ̀ nínú kò tó mítà 20, ọkọ̀ tí à ń wò yìí sì ń sáré lọ, ó ń ṣẹ́rí padà, ó tún ń lọ ni. Ká tiẹ̀ ní gbọ̀ngàn ńlá wà tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, wọ́n á tún ní láti dẹ eré fíìmù lé e, nítorí pé òòfà ayé tó ìlọ́po mẹ́fà ti òṣùpá. Kí ẹni tó mọ gbọ̀ngàn náà fi hàn mí.

Èyí tó dá mi lójú jù ni pé Kubrick fúnra rẹ̀ ti ya òṣùpá sílẹ̀ fún wa, inú 2001 ló wà. Nígbà tí ọkọ̀ róbótó yẹn ń balẹ̀ sórí òṣùpá, ẹ wo ilẹ̀: eruku ń rú bíi ti ọ̀kadà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi gẹ́lẹ́. Àwọn èèyàn ń rìn níbẹ̀ bí ẹni ń rìn l'Ọ́jà Ọba. Òkè tó yà rí ṣóńṣó bí eyín ajá, bẹ́ẹ̀ òkè tí àwọn Apollo bá lọ́hùn-ún rí róbótó bí ẹ̀yìn òkè Ìdànrè. Ọ̀gá nínú iṣẹ́ ni, wọ́n fún un ní Oscar lórí àrà inú fíìmù yìí. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ lọ́dún tó ṣáájú Apollo 11, èyí tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀, nìyẹn.

Níbo lọ́rọ̀ yìí ti wá dé etí ẹ̀gbọ́n? Fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp ni, níbi tí Henry Kissinger àti Donald Rumsfeld ti ń sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ó wá láti inú fíìmù tí William Karel ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 2002, Opération Lune, àwàdà ni látòkèdélẹ̀. Níparí rẹ̀, wọ́n fi àwọn tó kópa hàn bí wọ́n ṣe ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó gé e sórí fóònù ti gé ìparí yẹn dànù.

Mi ò sọ pé Amẹ́ríkà kì í purọ́. NASA fúnra rẹ̀ sọ ní 2009 pé ó jọ pé àwọn ti pa ohun tó wà lórí téèpù àkọ́kọ́ ti Apollo 11 rẹ́, kí àwọn lè tún téèpù náà lò. Ó dùn mí, torí fíìmù ni mo fi ń jẹun. Ẹ̀dà tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbà sílẹ̀ ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ fura lórí ìyẹn, mi ò lè dá a lẹ́bi pátápátá. Ẹ ṣáà ṣọ́ra fún fídíò tí kò ní ìparí, pàápàá èyí tí wọ́n kọ "ẹ tètè pín in" sí. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń ta ewé ẹ̀jẹ̀ ríru fáwọn ìyá wa.

Ẹ̀gbọ́n gba 2001 lọ, wọ́n ní àwọn á wo eruku náà dáadáa kí àwọn tó dá mi lóhùn. Fíìmù Apollo 16 yẹn kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mo fi kún un lọ́fẹ̀ẹ́.