Ègbè ni ti ìlú: bí orin Èkìtì ṣe ń yí pa dà láti ayé ogun Kírìjì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn ará Èkìtì ní sáà kan, ègbè orin wọn ni kó dẹtí sí. Olórin ló ni lílé. Ó lè fi ki ọba, ó lè fi bú ọ̀tá, ó lè fi tọrọ owó. Ṣùgbọ́n ìlú ló ni ègbè. Bí ọ̀rọ̀ kan ò bá wọ àwọn èèyàn lára, wọn ò ní gbè é, orin ọ̀hún á sì kú sẹ́nu ẹni tó dá a. Nítorí náà, bí mo bá ń ro ìtàn orin ilẹ̀ wa, ibi tí ègbè ti yí pa dà ni mò ń wá.

Kí rẹ́kọ́ọ̀dù tó dáyé, orin alámọ̀ wà. Èkìtì ni a mọ̀ ọ́n mọ́, àwọn obìnrin ló sì gbajúmọ̀ jù nídìí rẹ̀. Ohun tí obìnrin kò ní lè dìde sọ láàárín àwọn àgbà, ó lè fi sórin, nítorí ọba kì í pa ọ̀kọrin. Àwọn tó yí i ká á gbè é, ọ̀rọ̀ ẹnì kan á sì di ọ̀rọ̀ gbogbo agboolé.

Ogun wá dé. Ìbàdàn ti fi ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tó ń ṣàkóso fún wọn, sí àwọn ìlú wa, ìyà àwọn ajẹ́lẹ̀ yìí sì ti sú àwọn èèyàn kí Fábùnmi tó gbé idà ní Òkè-Ìmẹ̀sí lọ́dún 1878. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, Ògèdèǹgbé ṣáájú wọn, wọ́n sì wà lójú ogun títí di ọdún 1886 tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà. Dídún àgbá ló sọ ogun náà ní Kírìjì. Ẹ wo bí ọmọ Adó, ọmọ Ìjerò, ọmọ Ọ̀tùn àti ọmọ Iléṣà ṣe wà ní bùdó kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹnu wọn kò dọ́gba, tí ọba wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ní tèmi, ojú ogun yìí ni orin ti kọ́kọ́ kúrò ní ti ìlú kan ṣoṣo tó di ti Èkìtì lápapọ̀.

Lẹ́yìn ogun, lára àwọn ọmọ Èkìtì tí wọ́n ti kó lẹ́rú pa dà wálé, àwọn kan nínú wọn sì mú ìgbàgbọ́ Kírísítì bọ̀. Ìwé orin bá wọn dé. Ohùn òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá inú rẹ̀, ohùn yẹn a sì máa gbé ọ̀rọ̀ gba ibi tí kò yẹ: èyí tó yẹ kó lọ sókè á wálẹ̀, ìtumọ̀ á sì dàrú. Àwọn kan rí i tètè. Ní Abẹ́òkúta, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti fi ohùn ilé ṣe orin Ọlọ́run, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922. Àmọ́ ìṣòro kan ṣì wà. Ìwé lẹ ó mú dání kẹ́ ẹ tó lè kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé á kàn jókòó ni, orin á sì kọjá lórí rẹ̀.

Ọdún 1930 ló tú ìyẹn ká. Ní oṣù keje ọdún náà, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, lọ́wọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọkùnrin kan tó ti bá wọn wa katakata ṣe títì. Láàárín ọdún náà ó dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè, èrò sì ń wọ́ tọ̀ ọ́ láti gbogbo Èkìtì. Ìgbà yẹn le. Ọjà ayé ti dẹnu kọlẹ̀, owó kòkó ti já wálẹ̀, owó orí ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wá sí Ẹ̀fọ̀n, àìsàn ló gbé wá tàbí ìbẹ̀rù ayé tàbí àìrọ́mọbí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè máa ṣí ìwé orin. Orin tó jáde níbẹ̀ kúrú, gbólóhùn kan tàbí méjì, àtẹ́wọ́ sì ni ìlù rẹ̀. Ẹnì kan á lé e, ẹgbẹẹgbẹ̀rún á gbè é. Ìyá àgbà tó jókòó lánàá ti dìde. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ: lílé àti gbígbè tó ti mọ̀ láti kékeré ni, Ọlọ́run ni wọ́n wá ń fi pè báyìí. Ìjọ tó di Christ Apostolic Church (CAC) ti ibẹ̀ gbèrú, Ẹ̀fọ̀n náà ni wọ́n sì sin Babalọlá sí nígbà tó kú lọ́dún 1959. Bí wọ́n bá ní kí n fi ìka tọ́ ibi tí orin ìhìnrere tí a ń gbọ́ lónìí ti ṣẹ̀, Ẹ̀fọ̀n ni màá tọ́ka sí.

Nígbà tó fi máa di 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ọkàn àwọn èèyàn ti kúrò lórí ìbẹ̀rù. Ìwé ló kù. Bàbá tó ń ta kòkó ń fowó rán ọmọ lọ sí Christ's School ní Adó, ọmọ ń gba orin níbẹ̀ bọ̀ wálé. Àsìkò yìí náà ni jùjú ń gbilẹ̀. I. K. Dairo, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wá, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1957, ó mú kọdíọ̀nù wọ inú jùjú, ó sì ń fi ẹ̀ka-èdè kọrin láìtijú. Ó ti gbé inú ìjọ aládùúrà, èyí sì hàn nínú orin rẹ̀. Fún ará Èkìtì, èdè aládùúgbò ni Ìjẹ̀ṣà, kò ṣòro gbè. Elémùré Ògúnyẹmí náà wá fi ẹnu Èkìtì gan-an kọrin sínú àwo. Inú mi máa ń dùn sí èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni wọ́n ti fi ẹnu ilé ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìlú ńlá.

Owó epo rọ̀bì dé, náírà dé ní 1973, owó Udoji, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tẹ̀ lé e. Oríkì ló gba inú orin kan. Orúkọ olówó ni wọ́n ń lé, orúkọ olówó ni wọ́n ń gbè, owó ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí olórin. N kò bẹnu àtẹ́ lù ú. Inú àwọn èèyàn dùn lóòótọ́, orin sì sọ ọ́.

Ayọ̀ yẹn kò pẹ́. Ní 1986, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, já náírà sílẹ̀, owó oṣù kò ra nǹkan mọ́, ẹni tó ń náwó lóde àríyá lánàá wá ń lọ sí ìṣọ́ òru. Ohùn tó ti wà ní Ẹ̀fọ̀n láti 1930 ló pa dà gba ìgboro. Bọ́lá Àrẹ, ọmọ Èrìò ní Èkìtì, tó dàgbà nínú ìjọ CAC, ti ń ṣe àwo láti ìparí àwọn ọdún 1970. Nígbà tí ìyà wá mú gbogbo ilé, kò sí ibi tí ẹ ó dé tí ẹ ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì. Obìnrin ló ń lé, obìnrin ló ń gbè. Bí mo bá gbọ́ ọ, alámọ̀ ni mo máa ń rántí.

Àwọn òṣèlú kò dá ohùn tiwọn. Orin ìsọjí ni wọ́n mú, wọ́n yọ orúkọ Jésù, wọ́n fi ti olùdíje wọn rọ́pò. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí wọ́n fi ń fa èèyàn: ní 1979, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, gbé síwájú, Èkìtì sì tẹ̀ lé wọn; ṣùgbọ́n nígbà ìbò gómìnà ti 2014, ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti ikùn ló gba ẹnu kan. Ó dùn mí. Síbẹ̀, ebi ń pa àwọn èèyàn, orin ìpolongo kò sì lè fi ìyẹn pa mọ́.

Ní ti òde òní, orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ orin ti ń jáde. Olórin kan náà ló ń lé, òun náà ló ń gbè, wọ́n á kàn to ohùn rẹ̀ léra. Orin ẹni tó ń dá jà fún ara rẹ̀ ni, ó sì bá ọ̀dọ́ tó ń wá fisà láti Adó mu. Kì í ṣe gbogbo wọn: Falz, olórin ráàpù tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìlawẹ̀-Èkìtì, fi orin ka ẹ̀ṣẹ̀ ìlú sílẹ̀ gbangba ní 2018. Bí ẹ bá sì lọ síbi òkú àgbà ní Ìjerò tàbí Ìkéré, àwọn ẹgbẹ́ tó ń lù níbẹ̀ á gbé orin orí fóònù wọ̀nyí, wọ́n á dín in kù sí gbólóhùn kan, wọ́n á sì dá ẹnu dúró kí agbo lè gbè é. Èyí tí agbo kò bá gbè, wọn kì í lù ú lẹ́ẹ̀kejì.