Igbákejì Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkìtì

Igbákejì gómìnà ìpínlẹ̀ Èkìtì ni ipò rẹ̀ tẹ̀ lé ti gómìnà nínú ìjọba tó fìdí kalẹ̀ sí Adó-Èkìtì. Wọn kì í dìbò fún un lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe gómìnà ló ń mú igbákejì tí wọn yóò jọ díje, ìbò tó bá sì gbé ọ̀gá wọlé ló gbé òun náà wọlé.

Abala 193 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí gómìnà gbé iṣẹ́ lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́ bó bá ṣe wù ú. Igbákejì tí ọ̀gá fọkàn tán lè máa darí odindi ilé iṣẹ́ ìjọba. Èyí tí kò rí ojúrere lè máa ti òde ayẹyẹ kan bọ́ sí òmíràn. Òun náà ni alága ìgbìmọ̀ ààlà ilẹ̀ ìpínlẹ̀. Àwọn èèyàn a máa fi ipò náà ṣẹ̀fẹ̀ pé "sípíà táyà" ni, ṣùgbọ́n bí gómìnà bá kú, tó kọ̀wé fipò sílẹ̀, tàbí tí ilé aṣòfin yọ ọ́, igbákejì ló ń di gómìnà.

Ní Èkìtì, ètò yìí forí ṣánpọ́n lọ́jọ́ 16 oṣù kẹwàá 2006, nígbà tí ilé aṣòfin yọ Gómìnà Ayọ̀délé Fáyòṣé àti igbákejì rẹ̀, Bíọ́dún Olújìmí, pa pọ̀. Àga méjèèjì ṣófo, ìjọba sì bọ́ sọ́wọ́ abẹnugan ilé, Friday Adérẹ̀mí. Kò lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ fi kéde ìjọba pàjáwìrì, tó sì fi ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìntì, Adétúnjí Olúrìn, ṣe alákòóso.

Fúnmiláyọ̀ Ọláyínká, igbákejì Káyọ̀dé Fáyẹmí, kú lọ́jọ́ 6 oṣù kẹrin 2013 lẹ́yìn àìsàn jẹjẹrẹ. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ kò gba ìbò: gómìnà a dárúkọ ẹlòmíràn, ilé aṣòfin a fọwọ́ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Modúpẹ́ Adélabú ló rọ́pò rẹ̀. Bí a bá ka Olújìmí àti Monisádé Afúyẹ, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá Bíọ́dún Oyèbánjí wọlé ní 2022, obìnrin mẹ́rin ló ti di ipò náà mú, bẹ́ẹ̀ obìnrin kankan ò tíì ṣe gómìnà níbẹ̀.

Kọ́lápọ̀ Olúṣọlá, tó ṣe igbákejì Fáyòṣé nígbà tí ìyẹn padà di gómìnà ní 2014, gbìyànjú àtigòkè ní 2018 lábẹ́ ẹgbẹ́ PDP. Fáyẹmí ló wọlé.